Gígun òkè fún ọjọ́ púpọ̀: Oúnjẹ ọ̀sán wo ló fúyẹ́ lápò, tó dùn lẹ́nu, tí kì í sì í bàjẹ́ lọ́nà?

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè Cameroon láti ìlú Buea sábà máa ń lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kó tó gòkè kó sì sọ̀ kalẹ̀ padà. Ẹni tó bá sì fẹ́ dé ṣóńṣó Chappal Waddi, òkè tó ga jùlọ ní Nàìjíríà, yóò fi ọjọ́ bíi mélòó kan rìn nínú igbó àti pápá Gashaka-Gumti. Lórí òkè méjèèjì yìí, kò sí ilé oúnjẹ, kò sí ìyá olóúnjẹ lábẹ́ igi, kò sì sí ọjà tí èèyàn ti lè ra ohun tó bá gbàgbé sílé. Ohun tó bá wà nínú àpò ni arìnrìnàjò yóò jẹ.

Àwọn àgbà máa ń wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Lórí òkè, ọ̀rọ̀ náà ju ti ikùn lọ. Ẹni tí ebi ń pa máa ń kọsẹ̀, òtútù tètè máa ń mú un, kì í sì í lè ronú dáadáa nígbà tó bá yẹ kó pinnu bóyá kí òun tẹ̀síwájú tàbí kí òun padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá di ìkòkò ìrẹsì àti kúlà ọbẹ̀ sẹ́yìn nítorí ẹ̀rù ebi kò ní rìn jìnnà kó tó rẹ̀ ẹ́.

Àárín ewu méjèèjì yìí, ebi àti ẹrù, ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀sán wà. Ní àwọn orílẹ̀èdè mìíràn, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá fún àwọn tó ń gun òkè. Kò rọrùn láti rí irú wọn rà ní ọ̀pọ̀ ọjà Nàìjíríà, owó wọn kò sì kéré. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò, àwọn darandaran àti àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ti ń rin ìrìn ọjọ́ gbọọrọ láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ti wá oúnjẹ tó bá irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mu.

Kí ló dé tó fi jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán ló ṣòro jù?

Láàárọ̀ àti ní alẹ́, arìnrìnàjò wà nídìí àgọ́. Ó ní àkókò láti dáná, láti se omi, kó sì jókòó jẹun. Ọ̀sán kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán máa ń bá a lójú ọ̀nà, níbi tí oòrùn ti mú tàbí tí afẹ́fẹ́ òkè ti ń fẹ́ yìì. Bó bá jókòó pẹ́, òógùn á gbẹ sí i lára, òtútù á mú un, iṣan ẹsẹ̀ á sì le. Ní àkókò òjò, òjò ọ̀sán tún lè dé kó tó dé ibi tó fẹ́ sùn.

Nítorí náà, oúnjẹ tó bá ọ̀sán mu ni èyí tí kò béèrè iná, tí kò béèrè àwo púpọ̀, tí èèyàn lè mú jáde nínú àpò kó sì jẹ ní ogún ìṣẹ́jú. Oúnjẹ òkèlè tó wúwo nínú náà kò bá gígun òkè mu, nítorí pé ara yóò fẹ́ sinmi lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà sì ṣì kù níwájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ òkè gùn kì í jẹ oúnjẹ ọ̀sán wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n máa ń pín in: díẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, èyí tó pọ̀ jù ní ọ̀sán gangan, àti ìwọ̀nba díẹ̀ kí wọ́n tó dé àgọ́.

Omi ló ń mú oúnjẹ wúwo

Ohun tó ń mú kí oúnjẹ wúwo jùlọ ni omi tó wà nínú rẹ̀, omi kò sì ní kálórì kankan, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ. Ìrẹsì sísè tó wọn 100 gíráàmù kò ní ju nǹkan bíi kálórì 130 lọ. Dàbínù gbígbẹ tó wọn bákan náà ní nǹkan bíi 280, gààrí ní nǹkan bíi 350, ẹ̀pà sì ní nǹkan bíi 560.

Ọ̀rá ló jẹ́ kí ẹ̀pà borí. Gíráàmù kan ọ̀rá ń fún ara ní kálórì 9, nígbà tó jẹ́ pé 4 péré ni gíráàmù kan ṣúgà, ṣítáàṣì tàbí purotéènì ń fún un.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹni tó ń gun òkè látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tòun ti ẹrù lẹ́yìn lè nílò kálórì 3,000 sí 4,000 lójúmọ́. Bó bá fẹ́ rí 1,000 lára rẹ̀ nídìí oúnjẹ ọ̀sán, yóò ru nǹkan bíi 770 gíráàmù ìrẹsì sísè, láì tíì ka ọbẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ gààrí, nǹkan bíi 285 gíráàmù ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀pà, kò tó 180 gíráàmù. Fún ọjọ́ mẹ́rin, ìrẹsì yóò lé ní kílò mẹ́ta, ẹ̀pà yóò sì jẹ́ nǹkan bíi 700 gíráàmù péré. Ìrẹsì sísè náà kò tilẹ̀ lè dúró di ọjọ́ kejì.

Èyí kò sọ pé kí èèyàn máa jẹ ẹ̀pà nìkan. Ọ̀rá máa ń pẹ́ kó tó dà nínú, nígbà tí ara ẹni tó ń pọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ń fẹ́ agbára kíákíá. Oúnjẹ ọ̀sán tó dára máa ń ní ohun mẹ́ta: ohun dídùn tàbí oníṣítáàṣì tó ń yára fún ni lágbára, ohun olọ́ràá tó ń gbéni dé ìrọ̀lẹ́, àti ohun tó ní purotéènì àti iyọ̀ díẹ̀, nítorí òógùn ń gbé iyọ̀ lọ.

Àwọn oúnjẹ ìrìnàjò tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀

Kilishi ni ẹran tó bá ìrìn ọjọ́ púpọ̀ mu jùlọ. Àwọn Hausa ní àríwá Nàìjíríà àti ní orílẹ̀èdè Niger ni a mọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n máa ń la ẹran màlúù tí kò lọ́ràá sí pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fi kúlíkúlí lílọ̀, ata, atalẹ̀, àlùbọ́sà àti àwọn èròjà mìíràn kùn ún, wọ́n á tún sá a, kí wọ́n tó yan án lórí iná. Nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ẹran tútù ló jẹ́ omi. Bí oòrùn àti iná bá ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà kúrò, ẹran á fúyẹ́, kò sì ní tètè bàjẹ́. Kilishi tó gbẹ dáadáa lè pẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan bí ọ̀rinrin kò bá kàn án.

Dambun nama jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ẹni tí eyín rẹ̀ kò lágbára. Wọ́n máa ń se ẹran náà títí tí yóò fi rọ̀, wọ́n á gún un di fọ́nrán, wọ́n á sì dín in títí tí yóò fi gbẹ. Èèyàn lè bù ú sórí búrẹ́dì tàbí kó fi wọ́n gààrí.

Kúlíkúlí àti róbó wá láti inú ọgbọ́n kan náà. Wọ́n á lọ ẹ̀pà, wọ́n á fún epo jáde lára rẹ̀, wọ́n á mọ ìyókù bí òrùka tàbí ọ̀pá, wọ́n á sì dín in. Ẹ̀gúsí ni wọ́n fi ń ṣe róbó ní ilẹ̀ Yorùbá. Méjèèjì ní purotéènì, wọ́n ní ọ̀rá, wọn kì í yọ́ nínú oòrùn, wọn kì í sì í fọ́ tó búrẹ́dì nínú àpò. Ní orílẹ̀èdè Benin, gààrí àti kúlíkúlí, tí wọ́n ń pè ní klui-klui níbẹ̀, jẹ́ oúnjẹ tí tọmọdé tàgbà mọ̀.

Àádùn, tí wọ́n fi àgbàdo yíyan lílọ̀, epo pupa àti ata ṣe, ní oníṣítáàṣì àti ọ̀rá nínú ẹyọ kan náà. Kì í pẹ́ tó kilishi, nítorí náà ọjọ́ kìíní àti ìkejì ló yẹ ẹ́. Dọ̀ǹkúwà, tí wọ́n fi àgbàdo àti ẹ̀pà lílọ̀ pẹ̀lú ṣúgà àti ata mọ roboto, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Dàbínù àti òfìò ni ti ohun dídùn. Dàbínù ń yára fún ara lágbára, ẹni tó ń pọ́n òkè sì lè máa jẹ ẹ́ lọ láì dúró. Òfìò gbígbẹ dùn, ó sì lọ́ràá díẹ̀, àmọ́ jíjẹ rẹ̀ gba sùúrù. Ìpékeré ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókóró náà fúyẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gba àyè púpọ̀ nínú àpò, ìpékeré sì máa ń rún. Agolo líle ló yẹ kí wọ́n wà.

Gààrí: ọ̀rẹ́ àtijọ́ tó ń béèrè omi

Kò sí oúnjẹ tí ọmọ Nàìjíríà tètè máa ń rántí bí a bá dárúkọ ìrìnàjò tó gààrí. Nítorí pé wọ́n ti rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ti kàn án, wọ́n ti fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì ti yan án, ó gbẹ. Ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ, Codex, sọ pé omi inú gààrí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdí nìyí tó fi ń pẹ́, tó sì fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n gààrí kò ṣeé jẹ dáadáa láìsí omi. Ẹni tó bá ń fọ́n ọ́n sẹ́nu ní gbígbẹ yóò túbọ̀ máa gbẹ́ òùngbẹ. Ní Gashaka-Gumti, níbi tí odò àti ìṣàn omi ti pọ̀, èyí kì í ṣe ìṣòro ńlá. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ lórí òkè Cameroon. Òkè ayọnáyèéfín ni, ó ga ju 4,000 mítà lọ, ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń fa omi òjò wọlé, tó fi jẹ́ pé ìwọ̀nba ibi díẹ̀ ni omi ti ń sun. Omi tí arìnrìnàjò yóò mu, ó ní láti rù ú. Lítà omi kan sì wọn kílò kan. Gààrí tó fúyẹ́ lápò lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹrù wúwo.

Omi tí a fi rẹ gààrí náà gbọ́dọ̀ mọ́. Odò tó mọ́ gaara lójú lè ní kòkòrò àrùn onígbáméjì tàbí ti táífọ́ọ̀dì nínú, nítorí àwọn màlúù àti àwọn èèyàn ń lo omi náà ní òkè. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ìlera ni pé kí omi hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko, àti fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ibi tó ga ju 2,000 mítà lọ, nítorí pé bí a ṣe ń gòkè sí i ni omi ń hó láì tíì gbóná tó. Ẹni tó bá se omi ọ̀sán rẹ̀ ní alẹ́, tó jẹ́ kó tutù mọ́jú nínú ike, ti yanjú ìṣòro ọjọ́ kejì.

Adùn kì í ṣe ohun àfikún

Ẹni tó ń ṣírò ìwọ̀n àti kálórì lè rò pé adùn kò ṣe pàtàkì. Òkè máa ń fi hàn án pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá ti gòkè gan-an, oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ wù ú jẹ mọ́, àárẹ̀ náà sì máa ń pa ọkàn oúnjẹ. Tó bá jẹ́ pé ohun kan náà ló ń jẹ láti ọjọ́ kìíní, ní ọjọ́ kẹta yóò mú un jáde, yóò wò ó, yóò sì dá a padà sínú àpò. Oúnjẹ tí a rù gòkè tí a tún rù sọ̀ kalẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàtọ̀ ni oògùn rẹ̀. Bí ọ̀sán òní bá jẹ́ oníyọ̀ àti ata, kí ti ọ̀la dùn bí oyin. Bí kókóró bá le lẹ́nu, kí ohun rírọ̀ bíi dàbínù wà nítòsí. Ata gbígbẹ díẹ̀, atalẹ̀ lílọ̀ àti iyọ̀ tí a wé sínú ọ̀rá kékeré kò wọn nǹkan kan, àmọ́ wọ́n lè sọ gààrí lásán di oúnjẹ mìíràn. Kí iyọ̀ má pọ̀ jù o, nítorí pé yóò máa béèrè omi.

Àwọn ewu tó fara pamọ́ sínú àpò oúnjẹ

Móínmóín, ẹyin sísè àti ẹran dídín tútù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rò fún ọjọ́ kìíní. Ìmọ̀ràn àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, ni pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ wà níta láìsí yìnyín fún ju wákàtí méjì lọ. Móínmóín tí a sè ní aago márùn-ún ìdájí ti kọjá ààlà yìí kó tó di ọ̀sán, inú rírun lórí òkè sì yàtọ̀ sí ti ilé, níbi tí ilé ìwòsàn wà nítòsí. Búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn àti agolo sàdíìnì kan ló dára jù fún ọ̀sán ọjọ́ kìíní.

Ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ tó kí wọ́n tó kó o pamọ́ lè hu èbu, èbu náà a sì máa mú májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin jáde, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sísè tàbí dídín kò lè mú un kúrò tán. Kúlíkúlí tó bá korò, tó ní àmì èbu tàbí tó ń rùn, dídànù ló yẹ ẹ́.

Ibà Lassa náà kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Eku ló ń gbé àrùn náà kiri, ìpínlẹ̀ Taraba sì wà lára ibi tó ti máa ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà. Gààrí tí wọ́n sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tàbí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ mọ́jú lè ti kan ìtọ̀ eku. Kí arìnrìnàjò ra èyí tí wọ́n bò dáadáa, kó dà á sínú ike olómorí, kó má sì fi àpò oúnjẹ sílẹ̀ ní ṣíṣí nínú àgọ́ lóru.

Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà gbọ́dọ̀ rántí pé kilishi pàápàá ní ẹ̀pà lára. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà sì gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó lọ, nítorí pé ìrìn gígùn àti dàbínù lè yí ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà.

Àpẹẹrẹ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ mẹ́rin

Ọjọ́ kìíní: búrẹ́dì, agolo sàdíìnì kan, ọsàn tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn tó tètè ń bàjẹ́ àti àwọn tó wúwo ni a ń kọ́kọ́ jẹ.

Ọjọ́ kejì: àádùn tàbí dọ̀ǹkúwà, kilishi àti dàbínù.

Ọjọ́ kẹta: gààrí pẹ̀lú omi tí a ti sè, kúlíkúlí àti dambun nama. Níbi tí omi bá ti ṣọ̀wọ́n, kí ìpékeré rọ́pò gààrí.

Ọjọ́ kẹrin: róbó, kilishi, òfìò àti ìyókù dàbínù.

Bí ẹnìkan bá jẹ 80 gíráàmù kúlíkúlí, 60 gíráàmù kilishi, 60 gíráàmù dàbínù àti 50 gíráàmù ìpékeré ní ọ̀sán kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 250 gíráàmù, kálórì rẹ̀ kò sì ní jìnnà sí 1,000. Ti ọjọ́ mẹ́ta kò tó kílò kan. Ó tún yẹ kí oúnjẹ ọjọ́ kan péré wà ní ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn àfi bí òjò tàbí ẹsẹ̀ rírọ́ bá dá wọn dúró.

Ẹ̀yìn ta ni ẹrù náà wà?

Lórí òkè Cameroon, ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gba afinimọ̀nà àti alábàárù. Èyí lè mú kí èèyàn rò pé ìwọ̀n oúnjẹ kò kan òun mọ́. Kílò tí a bọ́ kúrò lẹ́yìn ẹnìkan kò pòórá, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló lọ, ẹni yẹn náà yóò sì gun òkè kan náà. Ó yẹ kí a ti bá àwọn alábàárù sọ ọ́ ṣáájú bóyá wọ́n ń mú oúnjẹ tiwọn wá tàbí láti inú àpò àlejò ni wọn yóò ti jẹ, kí a sì ra èyí tó tó gbogbo èèyàn.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílé

Ohun àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ààbò. Gashaka-Gumti wà lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti Cameroon, òkè Cameroon sì wà ní ẹkùn tí rògbòdìyàn ti ń wáyé láti ọdún 2016. Kí èèyàn béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọgbà náà àti àwọn afinimọ̀nà ìlú bí ọ̀nà ṣe rí, kó tó ra ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà, kó béèrè ibi tí omi wà lójú ọ̀nà àti bí ibì kan ṣe jìnnà sí èkejì, nítorí èyí ni yóò sọ bóyá gààrí ni yóò gbé tàbí ìpékeré. Kó gbé oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, kó wé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì kọ ọjọ́ sí i lára. Ọ̀rá tí oúnjẹ bá tán nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a padà sílé, kò gbọ́dọ̀ kù sórí òkè.

Kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò, ó dára kó gbé àpò náà kọ́ ẹ̀yìn, kó rìn fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní agbègbè rẹ̀, kó sì jẹ oúnjẹ tó dì náà lójú ọ̀nà. Èyí tó bá run ún nínú, tó le jù lẹ́nu tàbí tó di ìyẹ̀fun nínú àpò, ó ṣì wà nítòsí ọjà tó ti lè pààrọ̀ rẹ̀.